Gáùn Èkejì

Àpótí kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi nílé wa ní Ìbà. Gáùn ọmọbìnrin ló kún inú rẹ̀, láti orí èyí tó gba ọmọ ọdún mẹ́rin dé orí èyí tí èmi gan-an lè wọ̀ lónìí. Ọkọ mi ní kí n kó wọn tọrẹ. Mo ní kó gbàgbé ẹ̀.

Inú bárékè sójà ní Ọ̀jọ́ ni mo dàgbà sí. Yàrá kan àti pálọ̀ ni tiwa, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo fún odindi ilé, àti igi fúrúùtù níwájú ìta tí a máa ń ṣa èso rẹ̀ ká tó lọ síléèwé. Áà, àárọ̀ ibẹ̀ ṣì ń wù mí! Fèrè sójà á dún, àwọn ìyàwó sójà á ti tò sídìí omi, ẹnì kan á sì ti máa bú ẹnì kejì pé ó já ìlà. Nígbà tí bàbá mi wà lójú ogun ní Sàró, ìdí omi yẹn ni ìyá mi ti ń gbọ́ ẹni tó yè àti ẹni tí kò yè. Mi ò ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí bàbá mi lọ. Mo ti pé mẹ́rin kí wọ́n tó dé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ìyá mi sáré jáde láti ìdí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀, wọ́n dì mọ́ bàbá mi, ìfófòó ọṣẹ kun gbogbo kákí. Èmi bú sẹ́kún ní tèmi. Ta ni sójà gàgàrà yìí? Gbogbo ilé ń jó, bàbá mi nìkan ni kò jó. Ìjọba ló ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé, ogun ò sì tíì parí.

Kò pẹ́ tí rédíò fi sọ pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti padà wọ ìlú tí àwọn bàbá mi ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ tutù níwájú wọn lọ́jọ́ náà. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ro ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún fún ìyá mi.

Ìyá àgbà kan ń gbé nítòsí ibùdó wọn lọ́hùn-ún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bí ọmọbìnrin kan, ó sì kú lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn Sàró tí ìran wọn ti ọ̀dọ̀ wa lọ ṣì máa ń kó ọmọ jáde bíi tiwa, ṣùgbọ́n ogun ti lé gbogbo ọkùnrin ilé náà lọ. Ìyá àgbà bá tọ bàbá mi wá nídìí ìbọn, ó ní ìwọ tí o jẹ́ Yorùbá, wá bá mi sọ ọmọ yìí lórúkọ. Àárò mi ń sọ bàbá mi. Orúkọ mi ló bọ́ sí wọn lẹ́nu. Wọ́n tún ṣèlérí pé àwọn ò ní lọ títí ogun á fi parí. Ọmọ náà ò tíì rìn dáadáa nígbà tí ọkọ̀ wá kó àwọn bàbá mi. Ìyá àgbà pọ̀n ọ́n dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kò bú wọn, kò sì juwọ́.

Láti ọdún náà, tí Iléyá bá ti ń bọ̀, bàbá mi á lọ sí Okokomaiko lọ ra gáùn méjì, àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ìyá mi á ní, "Ẹ̀yin náà! Gáùn yìí á gbé ọmọ yẹn mì." Wọ́n á ní, "Ká tó rí i, á ti tó o wọ̀." Obìnrin tó ń ta gáùn rò pé ìbejì ni wọ́n bí. "Bàbá Ìbejì!" lá máa kí wọn, á sì fi ríbọ́ọ̀nù méjì ṣe èènì. Bàbá mi ò já a nírọ́. Inú bí ìyá mi: "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rọbí o! Ẹ má sọ ọmọ mi di ẹni tí èkejì ẹ̀ kú!"

Èmi ńkọ́? Mo kórìíra ọmọ Sàró yẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, epo ta sí tèmi, mo bá lọ wọ tiẹ̀. Bàbá mi ní kí n bọ́ ọ. Wọ́n fọ̀ ọ́ fúnra wọn, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n dá a padà sínú àpótí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Mo bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ fẹ́ràn ẹ̀ jù mí lọ ni?"

Wọ́n ní, "Ìwọ, mo padà wá bá ẹ."

Mo ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn kan, sójà tó tún padà lọ sí Sàró, wá kí wọn. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi fúrúùtù. Mo gbé omi lọ, mo sì gbọ́ tó ń sọ pé, "Gbogbo àdúgbò yẹn ló jóná. Mi ò rí ẹni tí mo lè bi." Bàbá mi dúpẹ́, wọ́n sìn ín dé géètì.

Iléyá ọdún yẹn, gáùn kan ni wọ́n rà bọ̀. Ìyá mi tú ọ̀rá náà wò. Ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ṣùgbọ́n mo ní, "Tiẹ̀ dà?"

Bàbá mi ní, "Ìwọ sáà wọ tìẹ."

"Ta ló rí òkú ẹ̀?" Mo ti ń sunkún. Bàbá mi dìde, wọ́n wọ yàrá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó owó tí mo rí nídìí irun dídì, mo mú gáùn náà dání, mo wọkọ̀ lọ sí Okokomaiko. Bí obìnrin yẹn ṣe rí gáùn, ó mọ̀ mí. "Ọmọ Bàbá Ìbejì! Ìwọ lo kọ́kọ́ wá ni, àbí ìwọ lo kẹ́yìn?" Ohùn rẹ̀ bá rẹlẹ̀. "Ẹyọ kan ni bàbá yín rà lánàá. Mi ò lè bi wọ́n. Èkejì ẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Kò tíì dé ni, mà. Ẹ bá mi mú tiẹ̀."

Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ní Ọlọ́run ṣeun. Nígbà tí mo délé, bàbá mi gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n sì lọ gbé áyọ́ọ̀nù. Láti ọdún náà, èmi ni mò ń rà á.