Èésú Àbúrò Mi

Obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kan láti Ìkòyí tó wà nítòsí Àpòmù ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé gbèsè ti mu àbúrò mi dé ọrùn. Ó wá sí ìsọ̀ ìránṣọ mi ní Àpòmù láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì rò pé aṣọ ló fẹ́ rán. Mo nawọ́ láti gba ohun tó gbé sábíyá, àṣé ẹní ni. Ó tẹ́ ẹní náà sẹ́nu ọ̀nà mi, ó bọ́ bàtà, ó sì jókòó.

"Ẹ má bínú, ìyá aránṣọ. N ò bá yín jà," ó ní. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n ọmọ tó ń dín dòdò ní gáréèjì Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi tó kó láwìn, kò sanwó rẹ̀. Mo délé rẹ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́rí. Ibí ni n ó máa gbé títí n ó fi rówó mi. Oúnjẹ ń bẹ lọ́wọ́ mi, omi nìkan lẹ ó fún mi."

Ẹni tó bá mọ̀ mí nígbà yẹn mọ̀ pé inú mi kì í pẹ́ ru. Mo ti di rúlà onígi mi mú kí n tó rántí pé ìyá wa wà nínú yàrá ẹ̀yìn, níbi tó ti ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni ìyá wa ti ń tọ́jú owó Mẹ́kà. Obì ló ń tà. Kò ra aṣọ ọdún, kò jẹ ẹran tó bó ṣe wù ú, ọdún tó ń bọ̀ ló sì fojú sí. Mo mọ̀ pé bó bá gbọ́ pé àbígbẹ̀yìn rẹ̀ wà nínú gbèsè, owó yẹn ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Mo búra lọ́kàn mi pé kò ní í ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ obìnrin náà, ohùn tí n kì í lò fún ẹnikẹ́ni. Mo kó àsansílẹ̀ tí àwọn oníbàárà mi ti san lé e lọ́wọ́. Ó kà á, ó sì ká ẹní rẹ̀.

"Mo gba èyí. Ṣùgbọ́n n ó padà wá. Ẹní mi ò tíì gbó."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo wọ mọ́tò lọ sí Ìkirè. Ìgbà tí ìjọba gbé Sáàpù dé ni, gbogbo nǹkan ti gbówó lórí, owó mọ́tò pàápàá, mo sì ń bú gbogbo ayé lábẹ́nu títí a fi dé ẹ̀bá títì tí àwọn tó ń ta dòdò ti ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, àfi àbúrò mi. Agbada rẹ̀ dojú délẹ̀, eérú ààrò rẹ̀ ti tutù. Ẹni tó ń dín dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló fi ẹnu júwe ọ̀nà ilé fún mi.

Ìgbà tí àbúrò mi gbọ́ ohùn mi ló tó ṣílẹ̀kùn. Èébú ni mo dì dání láti Àpòmù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí bí egungun ọrùn rẹ̀ ṣe yọ, n kò rí èyíkéyìí lò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún yín?"

"Obìnrin Ìkòyí tó tẹ́ní síwájú ìsọ̀ mi. Èló ni gbogbo gbèsè yìí?"

"Ti obìnrin Ìkòyí ló kéré jù."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Èésú ló fà á. Àbúrò mi ni olórí èésú àwọn obìnrin gáréèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kéré jù láàárín wọn, nítorí wọ́n gbà pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń dá owó, ẹnì kan a sì kó o lọ. Ẹni tó bá fẹ́ tètè kó gbọ́dọ̀ ní onídùúró, ìyẹn àgbàlagbà kan tí yóò dúró níwájú olórí, tí yóò ní bí ẹni yìí bá sá, òun ni kí wọ́n mú. Kò sí ìwé, kò sí òǹtẹ̀. Ẹnu lásán ni, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa ẹnu yẹn tó. Bí kò bá sí onídùúró, olórí èésú ni yóò san án.

Ẹni tó kọ́kọ́ kó èésú náà jẹ́ ọ̀rẹ́ àbúrò mi, ọmọ ìyá onílẹ̀kẹ̀, aládùúgbò wa àtijọ́ ní Àpòmù. Ó kó owó, ó dá ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì bá ọkùnrin kan gba Kútọnu lọ. Dípò kí àbúrò mi ké sí ẹgbẹ́, ó ń fi owó tirẹ̀ dí ibi tó ṣófo. Nígbà tí owó ọjà rẹ̀ tán, ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láwìn. Nígbà tí ìyẹn kò tó, ó lọ yá owó èlé lọ́wọ́ ọkùnrin kan nínú gáréèjì. Ó ń gbà níhìn-ín, ó ń san lọ́hùn-ún, èlé sì ń gorí èlé.

"Ta ni onídùúró ọmọ náà?" mo bi í.

Ó wo ilẹ̀. "Kò ní."

"Kò ní kẹ̀? Ìwọ tí wọ́n ní orí rẹ pé, o kó owó ẹgbẹ́ fún ẹni tí kò ní onídùúró?"

"Àṣìṣe ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo pè é ní òmùgọ̀. Mo tún pè é ní ohun mìíràn tí n kò ní í kọ síbí. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ní kí n jọ̀ọ́, kí màmá má gbọ́. Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì fẹnu kò lé lórí lọ́jọ́ náà.

A ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Ọkùnrin elówó èlé náà ló wọlé, ọ̀dọ́kùnrin fìrìgbọ̀n kan sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà kí mi dáadáa, ìkíni yẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo àga, ó wo rédíò, ó ń fojú díye lé wọn.

"Madam, we no come fight o," ọ̀dọ́kùnrin náà wí. "Make she just pay."

Ọ̀gá rẹ̀ ni mo kọjú sí, nítorí mo rí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ òun náà.

"Bàbá, iye tí ẹ yá a, kọ́bọ̀ kan ò ní í dín níbẹ̀. Èmi ni n ó san án, díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ kan àga yìí lónìí, àwa àti ẹ̀yin la jọ máa lọ sọ́dọ̀ Lèmọ́mù, ẹ ó sì ka iye èlé tẹ́ ẹ̀ ń gbà sí wọn létí."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dójú rẹ̀. Ó ní kí n má pẹ́ kí n tó mú nǹkan wá, nítorí òun mọ ọ̀nà Àpòmù. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ikú yá jẹ̀sín, ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò mi wí.

Mo gbá a létí. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí i rí. Lẹ́yìn náà mo dì mọ́ ọn, èmi náà bú sẹ́kún, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju elówó èlé lọ.

Mo ní a ó lọ sọ fún ẹgbẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ lójú títì. Ó bẹ̀ mí títí, n kò gbà. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò bá wa kúnlẹ̀. Ọmọdé kì í dá lọ bẹ ẹgbẹ́ àgbà lọ́dọ̀ wa, àgbà ilé rẹ̀ ní í ṣíwájú rẹ̀, a kò sì ní àgbà mìíràn ju ìyá wa lọ. Nígbà tí mo padà dé Àpòmù, mo sọ ìdajì òtítọ́ fún un. Mo ní ìjà díẹ̀ wà láàárín ọmọ rẹ̀ àti àwọn eléèésú, kó bá wa bẹ̀ wọ́n; mo rò pé ẹ̀bẹ̀ nìkan la ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni n ó wá owó. Ó da ìborùn borí, ó ní ká máa lọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ la pàdé níwájú ilé obìnrin tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí àbúrò mi rí i tí ìyá wa ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ojú rẹ̀ fà ro. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá màmá padà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé."

Mo rò pé ojú ló ń tì í. Mo ní kó jókòó.

Àbúrò mi sọ bí owó èésú ṣe lọ lójú gbogbo wọn. Ariwo sọ. Obìnrin kan ja gèlè rẹ̀, ó jù ú mọ́lẹ̀. "Èmi ni ó kàn! Owó ìdánwò ọmọ mi ńkọ́?" Ẹlòmíràn ti ń rọ́ apá aṣọ sókè, mo sì dìde, mo dúró láàárín òun àti àbúrò mi. Ìyá wa kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀.

"Ẹ dákun, ẹ bá mi forí jin ọmọ."

"Ẹ dìde, ìyá," àgbà ẹgbẹ́ ní. "Ọmọ yín ò jalè. Ṣùgbọ́n ẹni tó sá lọ yìí, ta ló dúró fún un?"

"Kò sẹ́ni tó dúró," àbúrò mi sọ kíá.

"Ta tiẹ̀ lẹni tó sá lọ?" ìyá wa bèèrè látorí ìkúnlẹ̀.

Obìnrin kan ní ọmọ ìyá onílẹ̀kẹ̀ ni, èyí tó ti Àpòmù wá.

Ìyá wa rọra dìde. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún. Ó wo ọmọ rẹ̀, kò bínú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ yìí purọ́ fún yín. Onídùúró wà. Èmi ni. Nígbà ọdún Iléyá ni mo dúró nínú yàrá rẹ̀, mo ní bí ọmọ ọ̀rẹ́ mi bá sá, èmi ni kí wọ́n mú. Mo sì ń bi ọmọ mi yìí léèrè. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ń san án dáadáa."

Ibẹ̀ ló tó yé mi. Àbúrò mi gbà kí n pe òun ní òmùgọ̀, ó gbà kí elówó èlé máa fojú wọn àga òun, kí ìyá wa ṣáà lè lọ sí Mẹ́kà. Èmi tí mo ń ṣọ́ owó náà bí ajá, èmi gan-an ni mo fa ọwọ́ ìyá wa dé ibi tí wọ́n ti máa gbà á.

Mo di aṣọ rẹ̀ mú. "Màmá, kì í ṣe owó yẹn. Ẹ jẹ́ ká wá ọ̀nà mìíràn."

"Ta ní í gbé gbèsè kọ́rùn lọ yí Kábà po?" ó ní. "Bí mo bá débẹ̀, kí ni n ó wí?"

Ó san gbogbo ohun tó jẹ́ ti èésú. Èmi ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo fi san ti elówó èlé, a jà kí ó tó yọ̀ǹda èlé. Àbúrò mi tún dáná sábẹ́ agbada rẹ̀, ó sì ń fi dòdò san ti obìnrin Ìkòyí díẹ̀díẹ̀. Inú ń bí mi sí gbogbo wọn. Mo bínú sí ọmọ tó lọ sí Kútọnu, mo bínú sí àbúrò mi, ìyá wa ni mo sì bínú sí jù. Nígbà tó di ọdún kejì, ìyá wa bá aládùúgbò wa kan tó ń lọ sí Mẹ́kà gbé báàgì dé ìdí mọ́tò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kó bá òun ṣàdúà. N kò lè jáde lọ wò wọ́n.

Ìyá wa kò bèèrè owó náà padà. Àbúrò mi ló ní gbèsè ni, ó sì ń san án fún un lọ́dọọdún, títí a fi wọ àwọn ọdún tí náírà kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tó mú ìyókù wá, ó ti lọ́kọ, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ìyá wa kà á lójú wa.

"Ó pé," ó ní. "Kò sí gbèsè láàárín èmi àti ìwọ mọ́."

Àbúrò mi kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. "Màmá, owó yìí ò lè gbé yín dé Kánò mọ́, kí á má tíì sọ Mẹ́kà."

"Ṣé mo bi ọ́ níbi tó lè gbé mi dé ni? Mo ní ó pé. Dìde, ọmọ ń sunkún."

Ó gba ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e lé itan, ó ń kọ orin fún un. Èmi tí mo ti ń bínú láti ọdún yẹn wá, mo wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò sì rí ẹni tí n ó bínú sí mọ́.