Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi ní Etí Omi Ààlà

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi kò tíì lè kan ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára kẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni mo ti mọ gbogbo agbègbè Ajah yìí. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé yín dé ẹnu ọ̀nà ẹ́sítéètì. Dúdú ni, ó ga, káríà ẹ̀yìn rẹ̀ sì le débi pé ìyá mi ní láti ká aṣọ sí i kí n tó jókòó.

Iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀ wa nígbà náà, iyanrìn funfun tí ń gbé ẹsẹ̀ mì. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ wọ inú rẹ̀, òun ni yóò gbé kẹ̀kẹ́ jáde. Ibi kan ṣoṣo tó ṣeé gùn ni etí kànáà. Àwọn baba ńlá wa ló fọwọ́ gbẹ́ kànáà náà kí ọkọ̀ ojú omi lè rí ọ̀nà bọ́ sí ọ̀sà, amọ̀ tí wọ́n kó jáde nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe bèbè sí ọ̀tún àti òsì. Oòrùn ti sá amọ̀ yẹn títí ó fi le, tó sì tẹ́jú. Ẹ ó rí igi àgbọn lápá kan, ẹ ó rí ọ̀pẹ ògùrọ̀ lápá kejì, lékeléke á sì máa fò lọ níwájú yín. N kò tíì rí ibi tó dùn ún gun kẹ̀kẹ́ bí ibẹ̀, mo sì ti dé ìlú òyìnbó rí.

Kànáà yìí náà ni ààlà. Abúlé tiwa wà ní ìhà ibí, abúlé tí wọ́n bí ìyá mi sí wà ní ìhà ọ̀hún, afárá pákó kan ló so wọ́n pọ̀. A ń fẹ́ ara wa, a sì ń bá ara wa sin òkú. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, abúlé méjèèjì á jáde lọ́jọ́ kan náà láti ṣán koríko àti òṣíbàtà tó bá bo ojú omi. Olúkúlùkù á ṣán láti bèbè tirẹ̀ dé àárín, wọn á pàdé níbẹ̀, wọn á sì máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹni tó ya ọ̀lẹ jù.

Ìgèrè ló dá ìjà sílẹ̀, agbọ̀n tí a fi ń dẹ ẹja lábẹ́ omi. Ọkùnrin kan ní ìhà tiwa dẹ ìgèrè rẹ̀ sítòsí àárín kànáà, omi sì gbé e kọjá lọ sí ìhà kejì. Ẹni tó rí i níbẹ̀ kó ẹja inú rẹ̀, ó ní ohun tó bá wà nínú omi òun, tòun ni. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀ṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ di àdá. Ẹja tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló da abúlé méjì rú. Àwọn àgbà ìhà méjèèjì ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì bá ará òdìkejì sọ̀rọ̀. Wọ́n yọ pákó afárá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá mi ti kọjá lọ láti tọ́jú bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn.

Bí ìyá mi ṣe há sílé bàbá rẹ̀ nìyẹn. Bó bá padà wá, àwọn ará ilé rẹ̀ á ní ó gbè sẹ́yìn ọ̀tá. Bí kò bá padà wá, àwọn ará ilé wa á ní ó ti kọ ọkọ. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá ilé wa pé ọkùnrin kì í dá gbé, pé ọmọbìnrin kan wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́ tó mọ ìwà hù, àti pé yàrá ìyá mi ni wọn yóò fi í sí. Wọ́n rò pé ọmọdé kò gbọ́. Mo gbọ́ o. Mo sunkún títí ojú mi fi wú, nítorí ó dá mi lójú pé bí ẹlòmíràn bá ti wọ yàrá yẹn, ìyá mi kò ní padà wálé mọ́.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá kí i, á dá a lóhùn, ó parí. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ti dé láti oko, á nu kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á ní, "Ó yá, jẹ́ ká lọ wòran." A ó gba etí kànáà lọ. Bí a bá ti kọjá àwọn igi àgbọn, a ó rí ìyá mi ní bèbè kejì. Nígbà mìíràn á máa fọ aṣọ, nígbà mìíràn á máa rẹ gbágùúdá, bẹ́ẹ̀ aṣọ tó wà nílé bàbá rẹ̀ kò pọ̀ tó èyí tó ń fọ̀ yẹn. Bàbá mi á sọ̀ kalẹ̀, á máa ti kẹ̀kẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú mi lórí rẹ̀. Ìyá mi náà á dìde, á máa bá wa rìn lọ ní bèbè tirẹ̀, omi á wà láàárín wa.

Àwọn àgbà ti ní kí wọ́n má bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èmi ni bàbá mi ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n á gbé ohùn sókè bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ dití.

"Ṣé ibà àná ti lọ lára rẹ?"

"Ó ti lọ, bàbá."

"Kí lo jẹ lọ́sàn-án?"

"Ẹ̀bà àti ẹja."

"Ṣé o yó?"

Èmi náà á pariwo pé mo yó. Ní òdìkejì, ìyá mi á máa bá ewúrẹ́ kan tó ń jẹ̀ ní bèbè sọ̀rọ̀, á ní ara bàbá òun ti ń le díẹ̀díẹ̀, á ní kí wọ́n máa fi òróró àgbọn pa ọmọ náà lára nítorí ọyẹ́. Ewúrẹ́ á wò ó, á tún máa jẹ koríko rẹ̀ lọ. Ẹ̀rín ló máa ń pa mí nígbà náà. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ojú bàbá mi kì í kúrò lára ìyá mi títí tó fi máa yà sílé, àti pé a kì í padà sílé kíákíá lẹ́yìn ìyẹn.

Ọyẹ́ lọ, òjò sún mọ́lé. Kò sẹ́ni tó ṣán kànáà. Àwa ń wo àwọn, àwọn ń wo wá. Òṣíbàtà bo ojú omi, koríko dí ọ̀nà tó ń gbà lọ, òjò àkọ́kọ́ sì wọ ilé ìdáná wa. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn àgbà ilé pe bàbá mi jókòó. Mo jókòó tì í lẹ́sẹ̀, kò sẹ́ni tó lé mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí ohùn rẹ̀ máa ń rọ̀ bó bá fẹ́ sọ ohun tó le, ló sọ̀rọ̀.

"Àbúrò mi, a ti ṣe sùúrù tó. A ti rí ọmọ kan fún ọ. Lẹ́yìn ọjà tó ń bọ̀, a ó lọ tọrọ rẹ̀."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun," ni bàbá mi wí. "Ṣùgbọ́n n kò tíì ṣe ọ̀wẹ̀ àna mi ti ọdún yìí."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ọ̀wẹ̀ àna. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọ ẹni, lọ́dọọdún ló gbọ́dọ̀ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn lọ ṣiṣẹ́ fún bàbá ìyàwó rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, ìbáà ṣe oko ríro, ìbáà ṣe ilé mímọ. Kò sí ìjà tó ń dá a dúró. Àwọn àgbà tó jókòó níbẹ̀, kò sí èyí tí kò ní ọmọbìnrin nílé ọkọ nínú wọn. Ẹni tó bá ní kí bàbá mi má lọ, àna tirẹ̀ náà lè má wá mọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ oko ti délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi họ orí.

"Ọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀ kọ́ là ń sọ."

"Òun lèmi ń sọ, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Tó bá jẹ́ ti àna ni, máa lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣá ọ ládàá, má dárúkọ mi."

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti ń mọ́, bàbá mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú àdá, wọ́n gbé pákó, wọ́n tò ó padà sórí afárá. Èmi wà lórí kẹ̀kẹ́, ó ń tì mí lọ. Mo rò pé ìdí tó fi mú mi dání ni pé ẹni tó gbé ọmọ wá kò wá jà. Àwọn ọkùnrin òdìkejì ti dúró dè wá, àdá wà lọ́wọ́ àwọn náà. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí amọ̀ tútù, kì í ṣe fún wọn, bí kò ṣe fún bàbá ìyá mi tí wọ́n gbé jókòó sórí àga lẹ́yìn wọn, tó fi aṣọ bo ara nítorí òtútù.

"Bàbá, a wá ṣe ọ̀wẹ̀ yín."

Bàbá àgbà ní, "Oko mi ti mọ́. Kí lẹ fẹ́ bá mi ṣe?"

"Etí omi yín ni, bàbá. Bí koríko yìí bá wà bẹ́ẹ̀, omi á wọlé bá yín lórí ẹní."

Bàbá àgbà yíjú sí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. "Àna mi ló wá sìn mí. Ẹ yà fún un."

Wọ́n yà. Bàbá mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ́ sínú omi, wọ́n ń ṣán bèbè tí kì í ṣe tiwọn. Kò pẹ́ tí ojú fi ń ti àwọn tó dúró ń wò wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, tó fẹ́ ọmọ abúlé wa, rántí pé òun náà ní àna. Ó gbé àdá lé èjìká, ó gba orí afárá lọ sí bèbè tiwa. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ọkùnrin ìhà ọ̀hún ló ń ṣán bèbè tiwa, àwọn tiwa ń ṣán tiwọn, olúkúlùkù ń sin àna rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá ẹjọ́ ìgèrè yẹn títí dòní olónìí.

Ìyá mi wọlé lọ di ẹrù rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Nígbà tó jáde, bàbá mi gbé mi sọ̀ kalẹ̀ lórí káríà, ó ní kí ìyá mi jókòó síbẹ̀, ó ní kí èmi máa fẹsẹ̀ bọ̀. Mo sáré tẹ̀ lé wọn títí délé, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó rẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó wa, káàbọ̀," ó wí. "Àárò rẹ ti sọ gbogbo wa." Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, kò sì sọ pé òun ti gbọ́ nípa ọmọ tí wọ́n fẹ́ lọ tọrọ.

Ọmọ ọmọ mi kan, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní Igbó Ẹfọ̀n, ló mú mi rántí gbogbo èyí. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ Sátidé, wọn á dé akoto bí ẹni tó ń lọ sójú ogun, ṣòkòtò wọn á fún mọ́ wọn lára débi pé ojú á máa ti èmi tí mò ń wò wọ́n. Ó fi mọ́tò gbé mi lọ sí etí kànáà kí n lè wo ibi tí wọ́n ti ń gùn ún. Kọnkéré ni bèbè rẹ̀ báyìí, ike omi àti ọ̀rá ló sì ń léfòó lójú rẹ̀. Ògiri ẹ́sítéètì kan wà níhà ibí, ògiri ẹ́sítéètì mìíràn wà níhà ọ̀hún, wáyà wà lórí méjèèjì. Inú ọmọ náà dùn, ó ya fọ́tò mi. Kẹ̀kẹ́ wọn dára, n kò ní purọ́. Ara bàbá mi ì bá yá gágá láti gun irú rẹ̀.

Mo nawọ́ sí òdìkejì, mo bi í pé ta ló ń gbé níbẹ̀.

"Grandma, mi ò mọ̀ o. Ẹ́sítéètì tiwọn yàtọ̀. Sìkiọ́rítì wọn ò ní jẹ́ ká wọlé."

"Ẹ kì í bá wọn jà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí la fẹ́ bá wọn jà sí? Kò sí wàhálà rárá."

Ó rò pé ohun rere ló sọ, àlàáfíà sì dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àánú wọn ṣe mí. Nígbà tí omi wọlé lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ ni olúkúlùkù fi fa ti inú ọgbà tirẹ̀ dà sí òdìkejì ògiri, kò sì sẹ́ni tó bi ẹnì kejì pé ṣé ó sùn. Nígbà tiwa a jà, a yọ pákó afárá, ó ku díẹ̀ ká ṣá ara wa ládàá nítorí ẹja. Síbẹ̀ ẹni tí a ń bá jà, a mọ orúkọ ìyá rẹ̀, a mọ ẹni tó fẹ́ ọmọ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìjà náà kò fi lè pẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní kí ẹ lọ bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹnì kan ní òdìkejì omi.