Orin Mẹ́sàn-án Abẹ́ "Ha"

Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jàpáànù dé, òórùn kan máa ń kọ́kọ́ pàdé rẹ tí kò jọ ti ọkọ̀ ibòmíràn: aṣọ ìjókòó tó mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, sìgá àtijọ́ díẹ̀, àti nǹkan dídùn kan bí ọṣẹ tí wọ́n fi wẹ ọmọ tuntun. Èmi lè di ojú mi kí n sọ fún ọ pé Jàpáànù ni. Mi ò tíì rí ẹlòmíràn tó lè ṣe é ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde. Kíláàsì karùn-ún ni mo ti fi iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n rédíò ọkọ̀ tí kò bá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, kí olówó rẹ̀ lọ gbé e sin.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn, fọkanáísà kan sì wà ní òdìkejì mi. Òun ló sọ mí ní Ọ̀gá Jàpáànù, nítorí mo ti sọ fún gbogbo ayé pé mo lè ka èdè wọn. Ká sọ tòótọ́, ibi tí nǹkan wà lójú rédíò ni mo há sórí, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí àpótí kékeré bá yọ lójú rẹ̀ tó ń béèrè nǹkan, ti apá òsì ni "bẹ́ẹ̀ ni", ti apá ọ̀tún ni "rárá". Bí àwa tí à ń tún rédíò tòkúnbọ̀ ṣe ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó sì ń gbè wá. Títí di ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Òjò ti ń ṣú nígbà tí ìyá kan wa ọkọ̀ funfun kan wọlé sọ́dọ̀ mi. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ kíláàsì kìíní ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kọ́ ní Ayépé. Wọn ò kúrò nídìí ọkọ̀, wọ́n kàn yí gíláàsì sísàlẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni Ọ̀gá Jàpáànù?"

"Èmi ni, mà. Kò sí méjì."

Fọkanáísà gbé ohùn sókè láti òdìkejì: "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Oúnjẹ wọn nìkan ni kò tíì máa jẹ."

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n wọnú ọkọ̀ jókòó, wọ́n sì sọ ohun tó gbé wọn wá. Ọmọ wọn kan ṣoṣo ló ra ọkọ̀ yẹn ní Jàpáànù, ó wà á níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kó tó fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọkọ̀ ṣì wà lórí omi nígbà tí àìsàn ọjọ́ mẹ́rin pa ọmọ náà. Ọ̀hún ni wọ́n sin ín sí. Fóònù tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀, olè ti jí i lápò wọn nínú kẹ̀kẹ́. Wọn ò ní ohùn ọmọ wọn mọ́ níbi kankan láyé. Àfi ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pè wọ́n láti ọ̀hún, tó ní ọmọ náà kọ orin àwọn ará Jàpáànù kan níbi tí wọ́n ti máa ń kọrin jẹ fàájì, ó gbà á sílẹ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú rédíò ọkọ̀ yẹn láàárín orin tòótọ́. Ọ̀rẹ́ náà ò rántí gbogbo orúkọ orin ọ̀hún. Ìró tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà nìkan ló rántí: "ha". Ó ya àmì tí àwọn ará Jàpáànù fi ń kọ ọ́, ó fi ránṣẹ́ sí wọn, ìyá sì tún un yà sórí bébà: igi kan dúró lápá òsì, òmíràn dúró lápá ọ̀tún tó na apá gbọọrọ, tí ìrù rẹ̀ ká nísàlẹ̀.

"Ẹni méjì ti ní kí n yọ rédíò náà dànù, kí n fi aláǹdírọ́ọ̀dù sí i," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ní ìwọ ló mọ̀ ọ́n kà."

"Wọn ò parọ́ fún yín, mà."

Mo wá àmì yẹn lójú rédíò, mo rí i, mo tẹ̀ ẹ́. Orúkọ orin tò wálẹ̀, gbogbo wọn ló ní àmì yẹn níwájú, nọ́ńbà tó sì wà lókè ni 9. Ara mi yá. Mo fi ìka lé orin àkọ́kọ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́ bí ọ̀gá ṣe ń tẹ nǹkan. Àpótí kékeré kan yọ. Nínú ọkàn mi, ó ń béèrè bóyá kí òun kọ orin náà ni. Mo tẹ apá òsì.

Ojú rédíò ṣẹ́ fìrí. Orin kankan ò dún. Mo wo òkè, 9 ti di 8.

Àṣé ó ń béèrè bóyá kí òun pa orin náà rẹ́ ni. Ìyá ti wọ awò wọn, ṣùgbọ́n bébà ọwọ́ wọn ni wọ́n ń wò.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní ká dúró díẹ̀, mà."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lórí páànù ọkọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi ìka kan àkọ́kọ́ nínú orin tó kù fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dún. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ìyá mirí. Èkejì, dùùrù lásán. Ẹ̀kẹta, àwọn ọmọdé ń kọrin pọ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ìyá á tẹ̀ síwájú, wọ́n á di ẹ̀gbẹ́ ìjókòó mú. Bó bá sì di pé ohùn àjèjì ni, wọ́n á rọra fẹ̀yìn lélẹ̀ padà. "Kì í ṣe òun." Ẹ̀kẹrin. Ẹ̀karùn-ún. Ẹ̀kẹfà jẹ́ ọkùnrin, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú, àfi ìgbà tí ohùn náà lọ sókè. Kì í ṣe òun. Ní gbogbo àsìkò yẹn, orin tí mo pa rẹ́ nìkan ni mò ń gbọ́ nínú orí mi, èyí tí kò dún.

Wọn ò tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á bù kún ọ, ìwọ tó fi sùúrù kọ́ èdè olókèèrè."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbé. Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá ti bá irọ́ mi lọ.

"Mà, mi ò mọ̀ ọ́n kà," ni mo wí. "Mi ò mọ ẹyọ kan níbẹ̀. Mẹ́sàn-án ni orin yìí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa ọ̀kan rẹ́ lẹ́ẹ̀kan."

Wọ́n tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n yọ awò, wọ́n fi etí gèlè nù ún, wọ́n wọ̀ ọ́ padà.

"Èwo lo pa?"

"Ti àkọ́kọ́, mà."

"Mo ní àwọn ọmọ bíi tìẹ ní kíláàsì mi. Wọ́n á máa la ẹnu bí ẹni ń kàwé, wọn ò mọ nǹkan tó wà níbẹ̀." Wọ́n fa èémí. "Méjì ló kù. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni kó o fọwọ́ kàn án. Bí àpótí yẹn bá tún yọ, gbé ọwọ́ kúrò."

Ẹ̀keje, obìnrin méjì. Ìyá di ojú wọn. Mo fi ìka kan ẹ̀kẹjọ.

Ariwo èèyàn ló kọ́kọ́ dún, ife ń kan ife, ẹnì kan ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan wọlé, ó nípọn, ó ń kọ èdè Jàpáànù bí ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń pe ẹni tó wà lódìkejì ọjà. Ní àárín orin, ó gbàgbé ọ̀rọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní: "Ìyé mi, ẹ má dá mi lóhùn o, èmi gan-an ò mọ ohun tí mò ń sọ."

Ìyá ò sunkún. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rédíò náà, bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná, wọ́n sì jẹ́ kí orin náà tán. Ìgbà mẹ́ta ni a tún un gbọ́. Lẹ́yìn náà mo gbà á sínú fóònù tuntun wọn, mo tún gbà á sínú tèmi, kó má bàa jẹ́ ibì kan ṣoṣo ló wà mọ́.

Kí wọ́n tó lọ, wọ́n béèrè pé, "Kí lo rò pé ó wà nínú ọ̀kan tó o pa yẹn?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Wọ́n ní, "Ó kéré tán, o ti mọ̀ ọ́n sọ pé o ò mọ̀."

Wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú òjò, wọ́n gba máákà ìkọ̀wé lọ́wọ́ mi, wọ́n ya àmì yẹn sára pákó tábìlì iṣẹ́ mi. Wọ́n ní kí n pè é, mo pè é. Wọ́n ní kí n yà á sábẹ́ tiwọn, ó wọ́, wọ́n ní kí n tún un yà.

Bóyá ọmọ náà kọ ju orin kan lọ, bóyá orin àjèjì lásán ni mo pa. Mi ò ní mọ̀ láé, mo sì máa ń rò ó bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, mi ò tíì rí ẹni tó mọ rédíò jù mí lọ láti ibí dé Ibefun. Fọkanáísà náà kò lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá bi mí bóyá mo lè ka èdè Jàpáànù, mo máa ń na ìka sí pákó tábìlì mi. Mo lè ka ẹyọ kan. Àwọn tó kù, mi ò mọ̀ wọ́n.