Ọjọ́ Tí Ohùn Alhaji Sọnù Lọ́wọ́ Mi

Mánigbàgbé ni ọjọ́ tí Alhaja Sìdíkátù gbé kọ̀ǹpútà ọkọ wọn tó ti di olóògbé wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Mushin. Ohùn Alhaji tí wọ́n gbà sílẹ̀ wà nínú fódà kan níbẹ̀. Alhaja fẹ́ kí n sọ fódà náà ní orúkọ ọkọ wọn.

Mo ṣí ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ, mo tẹ mv tí a fi ń yí orúkọ padà. Nígbà tí mo máa wò ó, fódà náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Àyà mi já. Mo wá a títí.

"Ṣé o ti ṣe é tán?" Alhaja bi mí. Mo yára pe ọ̀gá mi.

Àǹtí Bọ́lá, ọ̀gá mi, wá wo ohun tí mo tẹ̀. "O fi àmì ìdánudúró síwájú orúkọ yẹn," ni wọ́n sọ. "Ohun tó bá ti ní i níwájú, kọ̀ǹpútà yìí á fi pamọ́ ni."

Wọ́n yọ àmì náà kúrò, fódà sì yọjú. A ṣí i, ohùn Alhaji sì jáde: "Ìyá Mùkáílà, ẹ wá o."

Alhaja ti dìde lórí àga. "Mo ń bọ̀, Alhaji," ni wọ́n dáhùn, kí wọ́n tó rántí.

Títí di òní, ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí kí n tó yí orúkọ fódà kankan padà.