Agolo Orí Ọkọ̀ Ìyàwó Mi

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, bí mo ṣe ṣí fèrèsé yàrá mi ní Bódìjà, mo rí agolo lórí ọkọ̀ ìyàwó mi. Agolo mílíìkì ńlá ni, òfìfo, wọ́n gbé e sí àárín òrùlé gan-an. Kò sí ẹni tó ń gbé ìlú yìí tí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí agolo bá ti gun orí ọkọ̀, títà ni ọkọ̀ ọ̀hún. Ẹni tó ń kọjá lọ lè yà wọlé kó béèrè iye.

Èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀. Ọmọbìnrin mi ni, tó ti Èkó dé ní ìrọ̀lẹ́ àná. Mo bá a ní kíṣìnnì, ó ń po ògì.

"Ṣé mo ti kú ni, tí ẹ fi ń pín ogún mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n wá oníbàárà? Ó ti wà lójú ọ̀nà."

Òótọ́ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹta lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí n ta awọ ara mi ní àkókò yẹn, n bá ní kó wá oníbàárà. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà, ojú mi sì ti là.

N kò ní tan ara mi jẹ: ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan kọ́. Ọmọ mi fẹ́ kí n kó lọ sọ́dọ̀ òun ní Èkó, kí n máa gbé yàrá kan nísàlẹ̀, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá bá mi. Bí ọkọ̀ bá lọ, ilé ló kàn. Bí ilé bá lọ, èmi ló kàn.

Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, onílẹ̀kùn méjì, imú rẹ̀ gùn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́jọ, òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí a lè ká sẹ́yìn. Olùkọ́ òyìnbó kan ló gbé e wá sí yunifásítì. Nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, a rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń pè é ní ti ìyàwó mi torí pé òun ló ń wà á. Èmi a jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n óò di fìlà mi mú. Olùkọ́ ìṣirò ni ìyàwó mi, kì í sì í sáré, ṣùgbọ́n kì í yà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bi mí bóyá ó bójú mu kí abiyamọ máa ṣí orí ọkọ̀ kiri Dùgbẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ bi òun fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ.

Nígbà tí òrùlé náà ya, tí a kò rí irú rẹ̀ rà, ó ra tapólì, ó gé e, ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán etí rẹ̀ yíká. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò gún. Orí òrùlé yẹn ni wọ́n gbé agolo sí.

Oníbàárà dé ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá. Ọkùnrin sísanra kan ni, ọlọ́yàyà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ọkọ̀ àtijọ́ yá àwọn tó ń ṣègbéyàwó. Ọkọ̀ èrò ló wọ̀ wá. Ó dá a lójú pé ọkọ̀ tiwa ni yóò gbé òun padà sí Èkó.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ẹ kú arafẹ́rakù." Ó gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Bàbá, òkú ọkọ̀ lẹ ń tà yìí o! Ara rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́. Ẹ́ńjìnnì yẹn, màá yọ ọ́ sọnù."

"Òrùlé rẹ̀ ńkọ́?"

"Èyí tó dà bí ohun tí wọ́n fi ń bo àpò ẹ̀wà?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ààtàn nìyẹn ń lọ, sà."

Ọmọ mi wo ilẹ̀. Ó mọ ẹni tó rán òrùlé náà.

"Wọlé," mo ní.

"Inú ilé, sà?"

"Inú ọkọ̀. O kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀, o ti ń pè é ní òkú."

"Dádì, ojú yín! Dókítà ní ẹ kò gbọdọ̀ wakọ̀..."

"Dókítà kò sí níbí."

N kò sọ fún un pé ní gbogbo Sátidé ni mò ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì náà. Mo ká òrùlé sẹ́yìn, agolo ré bọ́ sílẹ̀. Ọmọ mi he é, ó sì wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lórí itan. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ajá àdúgbò wa ló gbó.

A gba Mọ́kọ́lá já sí Dùgbẹ̀, a sì kọrí sí Ring Road. Ọlọ́kadà kan sún mọ́ wa.

"Bàbá! Orí ọkọ̀ yín ti fò lọ o!"

"Mo ṣí i kí ẹ lè rí mi dáadáa ni!"

Ìyàwó mi ló ni èsì yẹn. N kò mọ̀ pé ó wà lẹ́nu mi.

Oníbàárà ti di fìlà rẹ̀ mú, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ṣùgbọ́n sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ dá wa dúró ní Ring Road, ẹ́ńjìnnì gbóná, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú níwájú. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ títì.

"Mo ti wí, Bàbá. Òkú ni."

"Omi ló ń béèrè. Òkú kì í béèrè omi."

Kí n tó wẹ̀yìn, ọmọ mi ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti gbé agolo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà, ó sì bu omi bọ̀. Mo na ọwọ́ sí ìdérí rediétọ̀.

"Rárá, Dádì. Ẹ jẹ́ kó tutù ná. Mọ́mì kì í ṣí i bó bá gbóná."

A dúró nínú oòrùn. Nígbà tó tó àsìkò, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i, tó rọra da omi sí i. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn.

Oníbàárà wá yí ohùn padà. "Bàbá, mo ń gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ o. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ gan-an."

"Kì í ṣe títà."

Ó kọjú sí ọmọ mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Ẹ ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ," ọmọ mi dáhùn.

A já a sílẹ̀ ní Challenge, níbi tí yóò ti rí ọkọ̀ Èkó wọ̀. Ọmọ mi bọ́ síwájú, ó jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí.

"Bí ojú yín bá wá kọ̀ pátápátá ńkọ́?"

"Ìwọ ni wàá máa wà á."

"Láti Èkó?"

"Ìbàdàn kò jìnnà sí Èkó."

Kò tún dárúkọ yàrá ìsàlẹ̀ náà.

Nígbà tí a délé, tí mo fa òrùlé padà sípò, mo rí i pé ìrì ti jẹ́ kí ìdí agolo fi àmì ìpẹtà róbótó sí ara tapólì náà. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò lọ. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ju agolo sínú búùtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì omi. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Iṣẹ́ wà fún un lójú ọ̀nà.