Ìyẹ̀fun Egungun

Egungun màlúù ni bàbá kan ládùúgbò wa ń gún lódó. Gbì, gbì, gbì, títí dé ẹ̀yìnkùlé wa. Wọ́n ti kọ́kọ́ sun ún nínú iná, òórùn rẹ̀ sì gba àdúgbò kan. Ìyá àgbà mi fi ìborùn bo imú, wọ́n pòṣé. Ìgbó-Ọrà la wà, mi ò ju ọmọ ọdún méje lọ.

Oko bàbá yìí àti ti ìyá àgbà pààlà lọ́nà Ìdèrè. Lọ́dún yẹn, àgbàdo ìyá àgbà kọ̀, kò ga, ewé rẹ̀ pọ́n bí ewé ọkà bàbà. Ti bàbá tutù yọ̀yọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo rí bàbá tí wọ́n ń wọ́n nǹkan funfun sídìí àgbàdo tiwọn. Mo sáré wálé, mo ní oko wa ni wọ́n ń da oògùn sí. Mi ò gbèrò ibi. Mo kàn fẹ́ kí ìyá àgbà yìn mí pé ojú mi ń ríran.

Háà! Ìyá àgbà gbá ìró mọ́dìí, ó di ẹnu ọ̀nà bàbá.

“Bàbá, kí ni mo fi ṣe yín tí ẹ fi pa oko mi?”

Èrò pé. Bàbá ò bínú. Wọ́n bu ìyẹ̀fun náà sátẹ́lẹwọ́, wọ́n sì lá a lójú gbogbo wa.

“Màmá, egungun lásán ni. Àwọn ará àgíríkì tí mo bá ṣiṣẹ́ ló kọ́ mi. Fọ́sífétì ló wà nínú rẹ̀. Òun ló ń mú eyín àti egungun wa le, òun náà ló wà nínú ajílẹ̀ tí wọ́n ń tà. Ebi rẹ̀ ló ń pa àgbàdo yín. Ẹ wá bù ú.”

“Kí n fọwọ́ ara mi bu oògùn sóko? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń yà kí bàbá mọ́. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn lọ́wọ́ kọjá níwájú ilé wọn. Síbẹ̀, bí bàbá bá rí mi, wọ́n á ní, “Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí?” Màá sá wọlé. Nígbà tó yá, wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ayete, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí.

Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ àgíríkì kan wá wo oko ìyá àgbà. Ó wo ewé tó pọ́n, ó ní fọ́sífétì ni ilẹ̀ náà ń fẹ́. Ìyá àgbà jókòó sórí ebè, wọ́n sunkún bí ọmọdé.

Kẹ́míṣírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé báyìí. Bí a bá kan fọ́sífétì, mo máa ń ka ìwúlò rẹ̀ fún wọn, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹyin lohùn, èyí tí mo jù sílẹ̀ ti fọ́. Títí ìyá àgbà fi kú, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ji àwọn nítorí orúkọ bàbá tí àwọn bà jẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mi ò sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa.