Ìpẹtà Abẹ́ Bàlàtóòmù

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Pobè mọ̀ pé n kì í gba ìyà lásán, lẹ́tà ni mo máa ń kọ. Mo ti kọ ọ́ sí mẹ́rì, olórí ìjọba ìlú wa, nítorí kòtò ojú ọ̀nà. Mo ti kọ ọ́ sí ẹni tó ń ta epo ọkọ̀ nínú ìgò fún wa, nítorí omi inú epo. Kò mọ̀wé, mo jókòó, mo kà á fún un. Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa kọ̀ tí kò pa dé mọ́, ìwé ni mo kọ́kọ́ mú. Ọkùnrin tó kun ọkọ̀ náà lọ́dà ni mo fẹ̀sùn kàn. Ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo kà sí i lọ́rùn, pẹ̀lú nọ́ńbà.

Mo mú ìwé náà dání lọ bá ajórin kan, àgbàlagbà tó ń jó irin pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Sakété, pé kó wá jẹ́rìí sí i. Kò tilẹ̀ wo ìwé. Ó tẹ̀ lé mi délé, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń fi òòlù kékeré kan irin. Ibi tó dára ń dún kan-kan. Nígbà tó dé abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ó di pọ́fọ́-pọ́fọ́, bí ẹni ń gbá ìdí agbọ̀n.

"Póròfù," ó pè mí láti ìsàlẹ̀, torí pé olùkọ́ ni mí, "kí lẹ tẹ́ sínú ọkọ̀ yìí?"

"Bàlàtóòmù ni." Rọ́bà olódòdó tí a máa ń tẹ́ sí ilẹ̀ pálọ̀ ni mo ń wí.

"Ta ló tẹ́ ẹ?"

Mo wo ìwé ẹ̀sùn mi. Orúkọ ẹni náà kò sí níbẹ̀. Èmi ni.

Ìyá mi a máa ra ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin ní Issaba, èmi a sì fi ọkọ̀ kó àpò rẹ̀ lọ sí Sakété, níbi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fún un, tí wọ́n ti ń yan gàrí. Omi kíkan ẹ̀gẹ́ náà ń ro sílẹ̀ ọkọ̀ bàbá mi, ó sì ń dùn mí. Ni mo bá ra bàlàtóòmù, mo fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Omi ń gba etí rẹ̀ wọlé, kò rí ọ̀nà jáde. Ọdún mẹ́rin ni mo fi sé òun àti irin mọ́ inú yàrá kan náà. Ìmọ̀ ṣíímì, ìyẹn kẹ́mísírì, sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé o! Mo máa ń kọ ọ́ sí pátákó: irin, omi, afẹ́fẹ́, ìpẹtà dé. Bí omi bá kan, ó tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti fi dá ọmọ ọlọ́mọ dúró nínú ìdánwò.

Ajórin ya bàlàtóòmù sókè. Òórùn rẹ̀ lé wa sẹ́yìn. Irin ilẹ̀ ọkọ̀ ń ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo igi, mo sì ń rí iyẹ̀pẹ̀ Pobè láti inú ọkọ̀. Ó fi ìka tẹ irin ńlá tó gbé ìjókòó ẹ̀yìn dúró. Ìka wọlé.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí ìyá mi sọ lọ́jọ́ ọjà tó kọjá. Ìjókòó ẹ̀yìn ni tirẹ̀ láti ayé bàbá mi. Ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun tí o tún kílíìmù ṣe. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ mi lẹ́sẹ̀." Kílíìmù náà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nínú ọkọ̀, ti kú ṣáájú bàbá mi. Mo ní, "Ẹ kú ìgbádùn, Ìyá."

"Ẹ bá mi fi páànù lẹ̀ ẹ́," mo bẹ ajórin. "Ọ̀la lọjà Sakété."

"Kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ kí ni? Ṣé irin ń lẹ̀ mọ́ gàrí ni?" Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ ó rí ẹni tí yóò jó o fún yín, á fi ọ̀dà dúdú bò ó, á máa dán. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kan bá kàn yín lẹ́yìn pẹ́nrẹ́n, ẹni tó bá wà lórí ìjókòó yìí kò ní ohun tí yóò gbé e dúró."

Mo sọ fún ìyá mi pé a kò ní lo ọkọ̀ náà mọ́, kò gbà. Ó ní ọkọ òun ló ra ọkọ̀ náà, inú rẹ̀ lòun yóò wọ̀ lọ́la. Ó ní ajórin mìíràn ń bẹ ní Sakété. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: ọ̀nà burú, ọ̀dà burú, èkínní, èkejì...

"Dúró ná. O ti ń rojọ́ látàárọ̀. Ta ló jẹ̀bi?"

Bí mo bá dá ọ̀dà lẹ́bi, á ní ká tún un kùn, á sì wọ ọkọ̀ náà.

"Èmi ni, Ìyá."

Mo mú un lọ sídìí ọkọ̀, mo gbé bàlàtóòmù sókè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ibi tí mò ń gbẹ́sẹ̀ lé nìyí?"

"Ibẹ̀ náà ni."

"Afẹ́fẹ́ tí mo dúpẹ́ ẹ̀ ńkọ́?"

"Òun náà ni."

"Bàbá ẹ máa ń jẹ́ kómi ro lọ, kó gbẹ. Ìwọ tó kàwé lo wá dé e mọ́lẹ̀." Ó yọ tìmùtìmù rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó, ó wọlé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ akérò la dá dúró. Kí n tó gbé àpò, ìyá mi ti ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, ká ẹní ilẹ̀ ọkọ̀ ẹ kí n wo abẹ́ ẹ̀."

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?"

Ọkọ̀ méjì fi wá sílẹ̀ lọ. Awakọ̀ kẹta ká ẹní, ó ń kùn. Ìyá mi fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wọlé, ó ní kí n máa kó àpò wá.